Omi Kànga Ìyá Kareemah

"Ẹ tún da korobá kan sí i!" Lateef pariwo. "Àpáta ni gbogbo ibí yìí, kò tíì mu tẹ́rùn."

Àwọn òṣìṣẹ́ da omi iyọ̀ sídìí irin ilẹ̀ ibùdó iná mànàmáná tuntun kan ní Ìwó. Ó yẹ kí irin yìí wọlẹ̀ jìnnà, kí iná tó bá ṣìnà lè bá a wọlẹ̀, kó má bàa bá ara ènìyàn. Àpáta dí wọn lọ́nà, Lateef tó gba iṣẹ́ náà sì gé irin kúrú. Omi iyọ̀ ni yóò tan mítà tí wọ́n fi ń yẹ irin náà wò jẹ títí àyẹ̀wò yóò fi parí.

Ìyá Kareemah, opó alágbàfọ̀ tí ilé rẹ̀ kángun sí ọgbà onírin tó yí ibùdó náà ká, ló ń fa omi fún wọn nínú kànga rẹ̀. Ó rò pé kọnkéré ni wọ́n fẹ́ fi pò.

"Ẹ máa bù ú o," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ní í fi omi du ẹni tó ń gbé iná bọ̀ wá fún Ìwó?"

Nígbà tí Ẹnjiníà Múyìíwá dé láti ọ́fíìsì iná ní Òṣogbo láti yẹ iṣẹ́ wò, mítà ní ilẹ̀ dára. Àmọ́ ó rí iyọ̀ funfun létí ihò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò.

"Lateef, kí lèyí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, sà. Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ ṣí i, a sì ti pe àwọn ènìyàn ńlá. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún ọ̀gá yín pé kò ní í ṣeé ṣe?"

Ọjọ́ tí iná bá tàn ni ọ́fíìsì Múyìíwá fi ń díwọ̀n ẹnjiníà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pẹ́, orúkọ rẹ̀ á wà lára ògiri ní pupa. Ìgbéga tirẹ̀ sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò náà. Kì í ṣe àìmọ̀kan o, a-mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Èyí ò tilẹ̀ tó ogún ọdún. Ọyẹ́ kan péré ló gbà. Ilẹ̀ gbẹ. Ìyá Kareemah ń sá aṣọ àwọn ọmọ yunifásítì sára ọgbà onírin náà, bí gbogbo obìnrin àdúgbò ṣe ń ṣe. Iná ti ṣìnà wọ irin ọgbà, kò rí ọ̀nà gbà wọlẹ̀, àfi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó yè é. Ọ̀pọ̀ nínú ìka rẹ̀ kò yè é.

Nígbà tí Múyìíwá lọ kí i nílé, ẹnu ọ̀nà ló ti dọ̀bálẹ̀. Ojú ń tì í, kò lè wo báńdéèjì.

"Ẹnjiníà, ẹ dìde. Ẹ má bínú sí mi," obìnrin náà sọ. "Ọ́fíìsì yín ní èmi ni mo jẹ̀bi, pé ta ló ní kí n sá aṣọ síbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má torí mi gé iná àdúgbò."

Múyìíwá la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà fún un.

"Wọn ò ní gé e, Ìyá," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

"Ọlọ́hun á ṣàánú yín. Kareemah! Bu omi wá fún àlejò."

Ọmọbìnrin náà pẹ́ nídìí kànga, nítorí ọyẹ́ ti fa omi wálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún un. Múyìíwá kò lè kọ̀ ọ́. Ó mu ún tán lójú ìyá àti ọmọ. Omi náà tutù, ó mọ́, kò sí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀.