Àgbélébùú Imọ̀ Tí Màmá Salome Hun Kẹ́yìn

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni Ìyá Tìrìmísíyù, ará yàrá kejì, kan ilẹ̀kùn Ṣìmí, ó gbé báàgì kan tó kún fún imọ̀ gbígbẹ lọ́wọ́.

"Mo ti gba ti gbogbo ilé," ó ní. "Tèmi náà wà níbẹ̀. Tiyín ló kù."

Ṣìmí wo ara ògiri. Lẹ́yìn àwòrán Màríà Wúńdíá ni àgbélébùú kékeré náà wà, èyí tí Màmá Salome, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, fi imọ̀ ọ̀pẹ hun lọ́dún tó kọjá. Ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, bí Màmá bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sílé ní Pápá Àjàó, wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa hun ún fún yàrá kọ̀ọ̀kan, Àgùdà o, Mùsùlùmí o. Bí Ọjọ́rú Eérú bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀ lọ́dún kejì, wọn á lọ gba àwọn tó ti gbẹ padà láti yàrá dé yàrá, wọn á kó o lọ fún Fadá pé kó jó o di eérú tí yóò fi sàmì síwájú orí ìjọ.

Màmá ti lọ bá Olúwa nígbà òjò.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Ṣìmí wí, "mi ò lè mú un sílẹ̀ kí wọ́n jó o. Ìka wọn ló ṣe é. Òun ló kẹ́yìn."

Ìyá Tìrìmísíyù jókòó sórí àga Màmá bó ti máa ń ṣe, kò tọrọ àyè. "Èmi náà bẹ̀ wọ́n lọ́dún kan. Mo ní kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀, pé látìgbà tó ti wà nílé mi, aáyán ò yọjú mọ́. Ṣé o mọ ohun tí màmá yín sọ? Wọ́n ní, 'Ìyá Tìrìmísíyù, ṣé aáyán ni mo hun ún fún ni? Mú un wá, jàre! Bí kò bá jóná, kí ni Fadá ó fi kan èèyàn níwájú orí, àtíkè?'"

Ohùn Màmá gan-an ló fi sọ ọ́, títí kan bí wọ́n ṣe máa ń fa "jàre" gùn. Ṣìmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó yọ àgbélébùú náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Eruku nìkan ló ń rùn. Ó rọra tò ó sórí àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó tò sórí ìlà. Láti kékeré ni Màmá ti máa ń ti àtàǹpàkò bọ ìgò omi mímọ́ kí Ṣìmí tó jáde nílé, wọn á fa àgbélébùú síwájú orí rẹ̀, wọn á ní, "Ó yá, máa lọ, kò séwu." Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Yaba tán, wọn ò dẹ́kun. Látìgbà òjò, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án níbẹ̀ mọ́.

"Rántí pé erùpẹ̀ ni ọ́," ni Fadá wí. Àtàǹpàkò rẹ̀ fa eérú náà wálẹ̀, ó fà á dábùú. Ṣìmí pa ojú dé, ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, Débọ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó na tíṣù sí i. "Ṣìmí, nǹkan dúdú kan wà níwájú orí ẹ o. Jẹ́ n bá ẹ nù ún."

"Má nù ún," ó ní. "Màmá mi ló fi síbẹ̀."