Nọ́ọ̀sì Náà Di Ọmọge Níwájú Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá kí n tó gbàgbé. Ṣé ẹ rántí nọ́ọ̀sì tó lé mi jáde lánàá, tó ní kí ni ọmọge tí kò tíì lọ́kọ fẹ́ fi ìfètò sọ́mọ bíbí ṣe? Nínú àlá náà, èmi ni mo wọ aṣọ funfun rẹ̀, mo jókòó sórí àga rẹ̀. Òun ló wọlé wá, ó ti di ọmọge tí kò jù mí lọ. Gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni gbogbo wọn, ojú kan náà, gèlè kan náà, wọ́n kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, àwọn mìíràn tiẹ̀ jókòó sójú fèrèsé.

Ó rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìfètò ni mo wá ṣe."

Mo pariwo mọ́ ọn, "Sọ ọ́ sókè! Ọkùnrin wo lò ń bá sùn?"

Gbogbo ìyá yẹn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn débi pé mò ń jó lórí ìjókòó. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń sunkún, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Mo ní, "Wọ́n á gbọ́!"

Ohùn ara mi ló jí mi.