Korobá Olókùn

Bàbá mi kì í jẹ́ kí obìnrin pọnmi nílé wa. Òjò ì báà máa rọ̀, òun ló ń gbé korobá sọdá títì lọ sẹ́nu ẹ̀rọ tó dojú kọ ilé wa. Àwọn ìyàwó àdúgbò a máa bi màmá mi pé oògùn wo ló fún ọkọ rẹ̀ jẹ, kó bù díẹ̀ fún àwọn náà. Orí màmá mi a wú. A ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi ni mo gba korobá. Yóò máa wò mí títí màá fi wọlé. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ máa ń géni jẹ ni.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà ni ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun bá a, ọkùnrin oníkùn kan tó gbé àmì ẹ̀yẹ wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. A mọ̀ pé bàbá mi jagun. Ohun tó ṣe níbẹ̀ la ò mọ̀. Àlejò yìí kò sì lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní Ojú Àṣá ni àwọn ń pè é. Nígbà tí àwọn sé ìlú yìí mọ́, òkè ilé ìlọta ni bàbá mi dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n de awò awọ̀nàjíjìn mọ́, tó dojú rẹ̀ kọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí omi ń yọ níbẹ̀. Ẹni tó bá wá pọnmi kì í padà sílé. Ó ní òùngbẹ ni apá rẹ̀ ká ìlú tí apá ìbọn ńlá ò ká. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mu omi tí màmá mi gbé fún un.

Ọmọ bíbí àdúgbò yìí ni màmá mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ pọnmi lọ́dún ogun, kò dé mọ́.

Nígbà tí àlejò lọ, mo ń bẹ bàbá mi nínú ọkàn mi pé kó sẹ́. Ká ní ó sẹ́ ni, ǹ bá gbà á gbọ́. Màmá mi fa àpótí, ó jókòó síwájú bàbá mi.

"Ọmọbìnrin kan wá, ó gbé korobá aláwọ̀ ewé," ni ó wí. "Ẹ rántí rẹ̀?"

Bàbá mi dáhùn. "Ọwọ́ korobá yẹn ti já. Okùn ni wọ́n so mọ́ ọn."

"Èmi ni mo so okùn yẹn."

Bàbá mi ní òun kò mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ni. Ó ní torí àwọn tí òun pa sẹ́nu ẹ̀rọ yìí ni òun ṣe wá gbé títì yìí, kí òun lè máa pọn omi náà títí òun ó fi kú. Mo gbà á gbọ́, àánú rẹ̀ ò sì ṣe mí.

Màmá mi dìde, ó gbé korobá. Bàbá mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó lọ. Ó dúró sẹ́nu ẹ̀rọ, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó jẹ́ kí omi kún, kó sì máa ṣàn dànù. Nígbà tó wọlé, ó bu ife kan, ó mu ún tán níṣojú bàbá mi, ó ṣan ife náà, ó dojú rẹ̀ dé. Bàbá mi ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Màmá mi ti wọ yàrá.

Èmi ni mo fún un lómi lọ́jọ́ náà, àti títí ó fi kú. Màmá mi ń se oúnjẹ rẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Omi nìkan ni kò bù fún un mọ́.