Mọ́mì Ti Lọ Sinmi

Ìrọ̀rí kẹta kọ̀, kò dúró. Bí Àwẹ̀ró bá ti gbé orúnkún lé e, á yọ̀ lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó fà á padà, ó ká ìró méjì tì í, ó sì tún dùbúlẹ̀ sórí ẹní wò ó. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó rẹrù gun òkè, bẹ́ẹ̀ ìsinmi ló ń múra fún.

Afua, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, ló kọ́ ọ ní yógà yìí. Kì í ṣe ti àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn o. Èyí ò ju kéèyàn to ìrọ̀rí sábẹ́ orí àti orúnkún, kó faṣọ bojú, kó dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Kókó kan wà lọ́mú Àwẹ̀ró tí wọ́n fẹ́ gé kúrò, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀la, ọjọ́ Ajé, ló di ẹ̀ẹ̀kẹta. Dókítà ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé kókó ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Oògùn ń ṣe tiẹ̀. Afua ní kí Àwẹ̀ró náà ṣe tiẹ̀.

Inú ń bí i. Ó ń bínú sí ìrọ̀rí, sí ariwo àdúgbò Dansoman tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, sí ọmú ara rẹ̀. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún, wọ́n á máa wí. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí kìnìún ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà.

"Afeefah," ó pe ọmọ rẹ̀, "gbé fóònù mi lọ sí pálọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè, sọ pé mò ń sinmi."

"Yoo, Mọ́mì."

Ọmọ náà fa ilẹ̀kùn dé díẹ̀. Àwẹ̀ró fi gèlè bo ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí. Kò tíì ka ogún tí fóònù fi dún. Àlájì Mísbáù ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Abossey Okai, kò nílò fóònù kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Afeefah fi Twi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìyá òun ń sinmi, "Àlájì, Mọ́mì rehome—"

"Sọ Yorùbá sí mi létí. Ọmọ Anago tí ò gbọ́ Anago."

Ọmọ náà wá ọ̀rọ̀ kiri. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló ti ń gbọ́ Yorùbá. Sísọ ọ́ ló ṣòro.

"Ẹ má bínú, Àlájì. Mọ́mì ti lọ sinmi."

Bí Yorùbá bá gbọ́ pé aláìsàn ti lọ sinmi, kì í béèrè ìrọ̀rí. Láti pálọ̀ ni Àwẹ̀ró ti gbọ́ "Ìnnà lílláhì," ohùn náà sì já.

"Ẹlóò? Ẹlóò?" Afeefah pòṣé. "Nẹ́tíwọ̀kì."

Àwẹ̀ró mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ: pè é padà. Ó la ẹnu. Àmọ́ nǹkan kan tú sílẹ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, sí ìbàdí, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti oṣù mẹ́rin, ara kò tíì tù ú báyìí rí. Ó sọ lọ́kàn pé kó di ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Oorun gbé e lọ.

Ẹkún ọkùnrin ló jí i. Àlájì ti já wọlé, Afeefah ń tẹ̀ lé e, ó ń fi èdè mẹ́ta ṣàlàyé, ọkùnrin náà ò gbọ́ ọ̀kankan. Àwẹ̀ró ṣí gèlè lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri.

"Èmi ni," Àwẹ̀ró ní. "Mi ò tíì kú. Ọmọ yìí ló ṣì í sọ."

Àlájì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi fìlà nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọ̀rá dúdú tó há sí abíyá bọ́ sílẹ̀, kálíkò funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń wé òkú, sì yọ jáde nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró fà á mọ́ra. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rùn káfúrà. Kì í ṣe aṣọ tí wọ́n rà lónìí.

"Ìgbà wo lẹ rà á?"

Àlájì wolẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá ọ padà. Àwẹ̀ró, mi ò—"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ká aṣọ náà padà sójú ìlà rẹ̀. Orí rẹ̀ fúyẹ́, àyà rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti wálẹ̀ lóòótọ́, inú Afua á sì dùn lọ́la, á ní yógà ló ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà ní Mọ́mì òun ti lọ, kò sí oríkèé kan lára Àwẹ̀ró tó jiyàn.

Ó na aṣọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wá ìbínú tí yóò fi bá a jà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó wá bà á.