Pákó Ayùnrẹ́ Bàbá Àyànlọ́wọ̀

Ọ̀gànwó, ọ̀gànwó! Etí Ọlásúnkànmí ti kún. Gbogbo káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ore ló di ọ̀gá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jìtá, àwọn tí kò fọwọ́ kan okùn jìtá rí láyé wọn. Wọ́n ní bí kò bá rí igi ọ̀gànwó fi ṣe é, kó máa kan bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀gànwó wo? Èyí tó gbẹ dáadáa, tírélà ti kó o lọ. Èyí tó kù ní ilé ìlagi, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Àǹtí Cecilia ló ni jìtá tó ń tìtorí rẹ̀ sáré, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá sí Odigbo láti Ọ̀wọ̀. Ọ̀kadà gbé e ṣubú ní títì márosẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Orí kó o yọ, àmọ́ ara jìtá tó gbé kọ́ ẹ̀yìn fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọrùn rẹ̀, okùn rẹ̀ àti irin tó ń gbé ohùn lọ sínú sípíkà ṣì dára. Ara tuntun nìkan ló kù. Wọ́n sì ti fún un níwèé pé bí táàmù yìí bá parí, Àkókó ló ń lọ. Nínú gbogbo ẹni tí Ọlásúnkànmí mọ̀, òun nìkan ló lè ta jìtá dé ibi tí èèyàn á ti mọ̀ bóyá igi ilé wa lè kọrin. Bó bá lọ láìgba ara tuntun, gbogbo làálàá Ọlásúnkànmí di asán nìyẹn.

Ìyà ò sì kéré. Ó kọ́kọ́ fi ìrókò ṣe é. Àǹtí Cecilia gbé e kọ́ èjìká fún orin kan péré, ó ní ṣé kóun kúkú máa gbé ilẹ̀kùn kọ́rùn ni. Ó fi àràbà ṣe ìkejì, ó fúyẹ́, àmọ́ kó tó pé oṣù méjì, kòkòrò ti lọ̀ ọ́ kúnná.

Fèrèsé ló lọ wọ̀n ní abà Bàbá Àyànlọ́wọ̀ ní Ago Alaye tó fi rí ayùnrẹ́. Ará Ìkirè ni bàbá, ilẹ̀ onílẹ̀ ló fi ń dá oko kòkó. Ìjì wó igi ayùnrẹ́ kan tó ń ṣíji bo kòkó rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n là á sí pákó mẹ́ta. Ọlásúnkànmí fi ìka kan ọ̀kan, ó dún gbọọn, ó sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Ayùnrẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò kà sí! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó kàn kù díẹ̀ kó gbẹ ni.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú wọn síbí fún oṣù méjì. Ẹ má jẹ́ kí kòkòrò fọwọ́ kàn wọ́n o.”

“Fọkàn balẹ̀,” ni bàbá wí. Kò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Káfíńtà ni, ilé ni káfíńtà ń fi pákó kan.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Àǹtí Cecilia kẹ́rù, Ọlásúnkànmí gun ọ̀kadà padà lọ síbẹ̀. Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọ́ pákó kan jáde. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì gba gbogbo imú Ọlásúnkànmí.

“Kòkòrò tó bá fẹnu kan èyí, á kú síbẹ̀ ni. Èmi fúnra mi ni mo lọ tọrọ ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ní Ore. Mo fi pa ojú ibí, ojú ọ̀hún, ẹ̀ẹ̀mẹta.”

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń tọ́jú igi òrùlé lágbègbè náà. Ọlásúnkànmí pàápàá ti fi ọ́ìlì dúdú pa igi fún oníbàárà láìmọye ìgbà. Ó fi ìka kan pákó náà. Gbì. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ́, ó tún họ ọ́, dúdú náà ló ń bá pàdé nísàlẹ̀. Gọ́ọ̀mù ò ní mú un, ọ̀dà ò ní dúró lára rẹ̀. Inú bí i, kò sì rí ẹni tó máa bínú sí. Ẹnu òun náà ló fi ní kí kòkòrò má fọwọ́ kàn án. Kí ló dé tí kò fi sọ pé jìtá ni?

“Bàbá, àwọn méjì tó kù ńkọ́?”

“Ṣé màá wá dá ìyẹn sí ni? Orí wọn ni mo ti bẹ̀rẹ̀.” Bàbá wo ojú rẹ̀. “Àbí kò tíì tó? Ọ́ìlì ṣì kù nínú kẹ́ẹ̀gì.”

Ọlásúnkànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ó tó, bàbá,” ló sọ. “Ẹ ṣeun. Ẹ kú ìtọ́jú.”