Kẹ̀kẹ́ Onígi Ìyá Tíṣà

Mọ́ṣúdù wo kẹ̀kẹ́ ńlá tó dúró lójú odò, ó tutọ́ sódò. Pákó àlòkù, ìṣó tó ti dípẹtà, okùn tí wọ́n fi dì í bí ẹrù igi ìdáná.

"Ṣé torí èyí lẹ ṣe pè mí wá láti Abẹ́òkúta?" ó bi ìyá àgbà tó dúró tì í.

Mọ́ṣúdù ni ọ̀gá ẹ́ńjìnnì nílé ìlagi. Ojú ogun Bọ́má, nígbà tó ṣe sójà òyìnbó, ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, àtìgbà tó sì ti dé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá rùn fún epo, kò kà á sí ènìyàn. Àwọn àgbà Òṣíẹ̀lẹ̀ ló ránṣẹ́ sí i pé kó wá yẹ kẹ̀kẹ́ tí Harriet, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Tíṣà, gbé sójú odò wò. Bó bá ní kò wúlò, wọn yóò tú u lónìí, nítorí àwọn apẹja ń ráhùn. Bó bá ní ó dára, ilé ìgbẹ̀bí yóò fi tanná.

Ìdájọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó kúrò nílé.

"Ìyá Tíṣà, ibo lẹ ń rọ epo sí?"

"Omi ni epo mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Omi! Omi la fi ń paná, mà, a kì í fi tanná."

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí odò. Ó yọ pátákó tó dí ojú omi. Omi já lu kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kérora, ó ń yí, bẹ́líìtì sì ń fa dáínámò, ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n tú lára lọ́rì. Nínú ahéré kan tó ṣókùnkùn létí odò, gílóòbù kan pọ́n, ó sì mọ́lẹ̀ kedere.

Mọ́ṣúdù wọ ahéré, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, bóyá bátìrì wà níbẹ̀. Kò sí.

"Ẹ́ńjìnnì tìẹ ńkọ́?" Màmá bi í. "Epo tó ń jẹ yẹn, kí ló ń fi ṣe?"

Mọ́ṣúdù mọ ikọ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó mọ ibà rẹ̀. Ìbéèrè yìí nìkan ni kò bi ara rẹ̀ rí. Iná ń jó nínú rẹ̀, ó ń ti irin, irin náà...

"Ó ń yí," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Yíyí yẹn náà ni kẹ̀kẹ́ mi ń yí. Dáínámò kì í béèrè ẹni tó yí òun."

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe náà korò lẹ́nu Mọ́ṣúdù bí àgbo.

Àwọn àgbà ti dé etídò. "Ọ̀gá, ṣé ká tú u?"

"Ẹ má tú u." Ó yọjú wo kẹ̀kẹ́, ó yínmú. "Ṣùgbọ́n ẹni tó kan pákó yìí ò mọṣẹ́ rárá."

Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú odò lọ láti fa okùn náà le. Omi rọ́ lù ú lórúnkún, ó tì í sẹ́yìn díẹ̀. Láti kékeré ló ti ń la odò kọjá, kò sì fiyè sí agbára omi rí. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń mọ̀ ọ́n lára bí omi ṣe ń ti òun.