Kó, Kó, Kó Lára Àpáta

Ó pé ọdún mẹ́fà tí Velidata ti bá Samika ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí ìyá wọn kú, Samika kò dúró dè é kó tó sun òkú. Velidata rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta délé, eérú ló bá. Wọ́n ní oòrùn mú, wọ́n ní òkú ò ṣe é gbé sílẹ̀. Kò gbà. Ẹni tó yàgbẹ́ a máa gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lọ́dún kẹfà yìí, àwọn mọ́ńkì Òkè Sahya, àwọn ẹlẹ́sìn tó fi ilé àti ẹbí sílẹ̀, fẹ́ yàrá méjì sí i nínú àpáta kí òjò tó dé, torí wọn kì í rìn kiri nígbà òjò. Agbẹ́-òkúta ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò; wọ́n fún Samika ní ọ̀kan láti gbẹ́, wọ́n fún àbúrò rẹ̀ ní èkejì. Ògiri àpáta kan ló wà láàárín wọn.

Àwọn agbẹ́-òkúta ní òfin kan. Bí o bá ń gbẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì rẹ, wàá fi òòlù kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, òun náà á dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá ṣe dún ni wàá fi mọ bí ògiri ṣe nípọn tó. Òkúta tí a gbẹ́ jù kò ṣe é lẹ̀ padà.

Bàbá Budharakhita, mọ́ńkì tó ń bójú tó iṣẹ́, yọjú sí Velidata láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Velidata, ṣé o ti kí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Bàbá, iṣẹ́ òkúta lẹ bẹ̀ mí, ẹ ò bẹ̀ mí ní ìkíni."

"Òkúta ọ̀hún rọ̀ jù ọ́ lọ."

Lọ́sàn-án, Velidata gbọ́ ọ lára ògiri: kó, kó, kó. Ó gbé òòlù sókè, ó sì rọra gbé e sílẹ̀. Ó tún dún. Kò kan ògiri padà. Ó dá a lójú pé Samika á dúró de èsì.

Samika ò dúró. Ògiri lu, ihò tó tó ẹnu àwo yọ, ojú Samika sì hàn nínú eruku.

"Àbúrò mi, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

Samika wò ó títí. "Mo rò pé o ti lọ jẹun ni." Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sápò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kò sì dágbére.

"Màá dí ihò náà," ni Velidata wí fún Bàbá.

"Kí lo máa fi dí i? Fi í sílẹ̀. Parí yàrá méjèèjì."

Òun nìkan ló parí wọn. Nígbà tó ń gbẹ́ yàrá Samika, tó sún mọ́ ògiri náà, ọwọ́ rẹ̀ gbé òòlù fúnra rẹ̀: kó, kó, kó. Ó dúró de èsì. Láti ojú ihò, ó rí ìkòkò omi rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ nílẹ̀ yàrá tirẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Ó tún kan ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹta.